Ilé Àwòṣífìlà: Owó Ta Ni? Ọwọ́ Ta Ló Wà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Ilé Kòkó jó n'Ìbàdàn lóṣù kìíní ọdún 1985, ó lé lọ́dún méje kí ẹwà náà tó dé. Oṣù kẹjọ ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ìtàn ilé yìí wò, torí inú rẹ̀ la ti máa rí ohun tó yẹ ká máa bèèrè nípa àwọn ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ lóde òní.

Ta ló mọ Dùgbẹ̀ tí kò mọ Ilé Kòkó? Alájà 26 ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, kò sí ilé tó ga tó o ní gbogbo Nàìjíríà. Bí èèyàn bá gbójú sókè wò ó, fìlà á ṣí lórí, ìdí nìyẹn tá a fi ń pe irú rẹ̀ ní àwòṣífìlà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Orúkọ yẹn kì í ṣe àfiṣẹ̀yẹ̀. Owó kòkó àti irè oko mìíràn ló kọ́ ọ.

Báwo lowó àgbẹ̀ ṣe wá di ilé? Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló máa ń dá iye tí wọ́n fi ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Iye yẹn sábà máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, ohun tó bá ṣẹ́ kù á sì wà lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù. Kòkó yìí náà ló gbé ìjọba dúró nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ká má tan ara wa o jàre, púpọ̀ nínú wa ni kòkó rán nílé-ìwé.

Àmọ́ ẹni tó ń ru ẹrù kọ́ ló ń pín in. Ní 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ Coker dìde láti wádìí bí wọ́n ṣe ná owó àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún 1965 tí wọ́n parí ilé náà gan-an ni ìbò dàrú, tí wọ́n ń fi pẹtiróòlù sun ilé, sun èèyàn, èyí tá a mọ̀ sí wẹ́tìẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gé owó kòkó wálẹ̀. Nígbà tó di 1968 sí 1969, Àgbẹ̀kọ̀yà dé: owó orí wúwo, kòkó ò lówó lórí, àgbẹ̀ fárígá. Ṣé ẹ rí i? Ilé Àwọn Àgbẹ̀ dúró gbọin ní Dùgbẹ̀, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bá ọlọ́pàá wọ̀jà.

Kí ló wá jẹ́ kí ilé náà là á já? Nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976, wọn ò gé ilé sí mẹ́ta. Wọ́n dá iléeṣẹ́ Odù'a sílẹ̀ kó máa bá wọn tọ́jú ogún àjọni. Ẹgbẹ́ òṣèlú yí, sójà dé, sójà lọ, ilé ṣì ní ẹni tó ń dáhùn fún un. Nígbà tí iná jó o, a mọ ẹni tí a máa bi.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Èkó. Ilé NET ní Marina, alájà 32, ló gba ipò lọ́wọ́ Ilé Kòkó ní 1979. Kò pé ọdún mẹ́rin tí iná fi mú òun náà ní 1983. Nígbà tí olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní December 1991, ilé ńlá Federal Secretariat n'Íkòyí di òfìfo. Wọ́n tà á ní 2006, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó wá ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, ilé sì wà níbẹ̀ lásán fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èyí tó burú jù lọ ṣẹlẹ̀ n'Íkòyí kan náà, lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Òkú ò tíì kúrò lábẹ́ àlàpà tí ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ fi takora: ọ̀kan ní àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí, òmíràn ní 21 ni. Ìjọba kan náà o!

Mi ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ. Ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré, tí èrò rẹ̀ sì pọ̀ bí Èkó, òkè náà ló máa lọ. Ní Eko Atlantic, orí iyanrìn tí wọ́n fi dí òkun ni wọ́n ti ń kọ́ ọ báyìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé sìmẹ́ǹtì nìkan kọ́ ló ń mú ilé gogoro dúró. Owó ta ni? Ta ló fọwọ́ sí i, àjà mélòó ló sì fọwọ́ sí? Ta ni yóò máa tún lífíìtì ṣe, tí yóò rí i pé omi wà tí iná bá ṣẹ́ yọ, nígbà tí ìjọba tó kọ́ ọ bá ti lọ? Ibi tí ìdáhùn ò bá ti sí, ìpìlẹ̀ ò tíì sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti dọ́wọ́ wa. Ẹnjiníà wà nínú wa, lọ́yà wà, òṣìṣẹ́ báńkì wà, àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé nílé ìjọba náà wà. Bí ìwé ilé bá dé orí tábìlì yín, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú, ìbáà jẹ́ ọ̀gá yín ló fi rán yín. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó fi kòkó rán wa nílé-ìwé ni kò wọ lífíìtì Ilé Kòkó títí wọ́n fi kú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọmọ wọn kú sábẹ́ ilé tí a fọwọ́ sí.

Àṣèyí-ṣàmọ́dún o.