Ipa Omi nínú Ìtọ́jú Àwọn Ọmọ Ọlọ́tísíìmù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, a ó rí i pé omi kan náà tí ó tu ẹnì kan lára ni a fi jẹ ẹlòmíràn níyà. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Láyé àtijọ́, bí ọmọ kan kò bá tètè fọhùn, tí kì í wo ojú ẹni, tí ó ń ṣe eré kan ṣoṣo láti àárọ̀ di alẹ́, kì í pẹ́ tí àwọn ará ilé fi ń pè é ní èmèrè tàbí ẹlẹ́gbẹ́. Etí odò ni a sì sábà máa ń gbé ètùtù irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun gbà pé omi tútù ni òrìṣà náà fi ń wo ọmọ. Nígbà tí ìsọjí Aládùúrà bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, omi àdúrà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wá gbà. Omi kì í ṣe àjèjì nínú ìwòsàn wa.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi tútù ni àwọn oníṣègùn kan ń rọ́ lu alárùn ọpọlọ kí ó lè dákẹ́. Ní 1856, ọkùnrin kan kú ní ilé ìtọ́jú Surrey lẹ́yìn tí wọ́n fi í sábẹ́ omi tútù fún ìṣẹ́jú 28. Ilé tí ìjọba amúnisìn ṣí ní Yábàá ní 1907 pẹ̀lú aláìsàn 14, ilé ìhámọ́ ni ju ilé ìwòsàn lọ. Òun ni ó ti di ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ lónìí.

Ní 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe ọmọ 11 tí ó fún wa ní òye ohun tí à ń pè ní ọ́tísíìmù. Ní 1978, Victor Lotter tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó dé.

Ní 1949, James McMillan bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọbìnrin aláàbọ̀ ara ní ilé-ìwé Halliwick ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìlúwẹ̀ẹ́. Olùkọ́ kan sí ọmọ kan ni; kò lo ohun ìléfòó kankan. Omi ń gbé ara ró, ó sì ń tẹ ara yíká lọ́gbọọgba. Èyí máa ń tu ọ̀pọ̀ ọmọ lára. Ní 2010, olùwádìí kan ní Taiwan ròyìn ètò ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ 10 fún ọmọkùnrin ọlọ́tísíìmù 16: wọ́n mọ omi í wẹ̀ sí i, ìwà ìjà àti àìgbọràn wọn sì dínkù. Ìwádìí kékeré ni. Ọ́tísíìmù kì í ṣe àrùn tí omi yóò wẹ̀ nù; ọ̀nà ìkọ́ni ni omi.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ìwà lọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2017 fi hàn pé ewu kí ọmọ ọlọ́tísíìmù kú sómi tó ìlọ́po 160 ti àwọn ọmọ yòókù. Ọ̀pọ̀ wọn a máa rìn lọ láìsọ fún ẹnìkan, omi a sì máa fà wọ́n mọ́ra. Ẹni tí ó bá mọ Múṣin àti Súrùlérè mọ àwọn gọ́tà ńlá tí ó máa ń kún nígbà òjò.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1973, gbogbo Áfíríkà wá sí pápá ìṣeré Súrùlérè, ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà lára ìdíje wọn. Bí a ti lè gbẹ́ adágún fún àwọn eléré ìje, ó yẹ kí á lè wá àyè fún ọmọ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 lórí àwọn aláàbọ̀ ara sì kà á léèwọ̀ láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá mú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé etí omi, ẹ má ṣe tì í. Ẹ jẹ́ kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan má yí padà, kí àgbàlagbà kan ṣoṣo máa di ọmọ kan mú, kí ojú rẹ̀ má sì kúrò lára rẹ̀. Omi tí a fi tipátipá dà lé ènìyàn ti pa á rí. Omi tí a fi sùúrù kọ́ ọmọ lè gbà á là.