Oúnjẹ Ẹja Àrọ̀: Láti Ìfun Adìẹ Dé Oúnjẹ Tó Ń Léfòó

Ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ nínú táńkì ẹ̀yìnkùlé ní Ìgándò tàbí Ẹ̀gbẹ́dá l'Ékòó mọ ibi tí owó ń gbà lọ. Nínú náírà 10 tó bá ná, oúnjẹ á gba 6 tàbí 7.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ìjọba dán ọ̀sìn ẹja wò ní Oníkàn l'Ékòó àti ní Panyam lágbègbè Jos. Nínú adágún ilẹ̀, omi fúnra rẹ̀ ń bọ́ ẹja: bí a bá da ìgbẹ́ ẹran sí i, kòkòrò wẹ́wẹ́ á pọ̀ níbẹ̀, ẹja á sì máa jẹ wọ́n. Táńkì sìmẹ́ǹtì ò ní irú àǹfààní yẹn. Ohun tí olówó rẹ̀ bá dà sí i nìkan lẹja máa rí jẹ. Ọ̀pọ̀ ló fi ìfun adìẹ bíbọ̀, èérí àgbàdo àti àjẹkù bọ́ ọ. Ẹja ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ omi á máa rùn, àwọn kan á tóbi, àwọn kan ò sì ní dàgbà.

Àwọn onímọ̀ wa ò sùn. Ní 1986, E. O. Faturoti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ìwọ̀n purotéènì tí àrọ̀ nílò, nǹkan bí 40 nínú 100 sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn dì mú títí dòní. Ní Àkúrẹ́, láàárín àwọn ọdún 1990, Oyedapo Fagbenro ń wá ohun tó lè dípò ẹja lílọ̀ tó wọ́n gógó: ó fi ẹja tí wọ́n mú kó kan po sóyà, ó sì fi bọ́ àrọ̀. Sóyà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ yíyan, nítorí tútù rẹ̀ ní èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ẹja.

Bí wọ́n ṣe ń dán oúnjẹ wò ò le. Wọ́n á kó ọmọ ẹja tí ìwọ̀n wọn dọ́gba sínú táńkì mélòó kan, oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún táńkì kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n á gbé ẹja sórí òṣùwọ̀n. Bí kílò kan àtààbọ̀ oúnjẹ bá fi kílò kan kún ara ẹja, ó dáa. Bó bá di mẹ́ta, èrè ti wọmi.

Síbẹ̀, oúnjẹ láti Netherlands ló gba ọjà láwọn ọdún 2000, pàápàá ti ilé iṣẹ́ Coppens. Lójú tèmi, ẹ̀rọ la ò ní, kì í ṣe ìmọ̀. Ẹ̀rọ wọn ń fi ooru se ìyẹ̀fun, ó ń fún un gba ihò kékeré jáde; bó ti ń jáde ló ń wú, ó sì ń léfòó. Ọlọ́sìn á fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹja ti yó, á dáwọ́ dúró. Tiwa tí a fi sítáàṣì gbágùúdá pò, tí a sì sá sóòrùn, rírì ló ń rì; èyí tí ẹja ò bá jẹ á jẹrà nísàlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe oúnjẹ ẹja wá dé síbí: Skretting n'Íbàdàn, Olam ní Ìlọrin ní 2017. Ṣùgbọ́n nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní Okudù 2023, owó àpò oúnjẹ fò sókè, ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn sì padà sídìí ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n á fi èyí tó ń léfòó tọ́ ọmọ ẹja, wọ́n á wá fi àpòpọ̀ tiwọn bọ́ ọ títí dọjọ́ títà. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí ẹni tó dán àwọn àpòpọ̀ yẹn wò. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ẹja wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní Ọ̀jọ́, kò sì jìnnà sí Ìgándò. Ó yẹ kí ẹ̀ka náà gba àwọn àpòpọ̀ yìí wọlé, kó sì fi òṣùwọ̀n dán wọn wò.