Ìfẹ́, yàrá àti àdúrà: Bí àwòrán orí òkúta ṣe gbé àṣírí ilé jáde ní Paris

Ní ọdún 1899, Ambroise Vollard, oníṣòwò àwòrán kan nílùú Paris, gbé àkójọ àwòrán aláwọ̀ méjìlá kan jáde. 'Amour' lorúkọ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí ìfẹ́. Maurice Denis ló yà á.

Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ogun. Ọ̀dọ́bìnrin kan lo máa rí, òdòdó, àga gbọọrọ àti ọwọ́ tó ń kan ọwọ́. Ìfẹ́ tó wà láàárín Denis àti Marthe Meurier, ẹni tó gbé níyàwó ní ọdún 1893, ni iṣẹ́ náà dá lé lórí. Inú ìwé tí Denis ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí ló ti mú àkọlé àwọn àwòrán náà.

Kí ló wá mú kí ayàwòrán gbé ohun tó jẹ́ àṣírí òun àti ìyàwó rẹ̀ síta fún títà?

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Alois Senefelder, ará Jámánì tó ń kọ eré orí ìtàgé, ló ṣàwárí ọ̀nà ìtẹ̀wé yìí ní nǹkan bí ọdún 1796. Ọ̀nà tí kò gbówó lórí láti fi tẹ eré rẹ̀ ló ń wá.

Gbogbo wa la mọ̀ pé omi àti epo kì í dàpọ̀. Òun náà ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ayàwòrán á fi ẹfun ìkọ̀wé tó ní ọ̀rá yàwòrán sórí òkúta pẹlẹbẹ. Wọ́n á da omi sí òkúta náà, wọ́n á wá yí tàdáwà lé e lórí. Ibi tí ọ̀rá wà nìkan ni tàdáwà máa lẹ̀ mọ́.

Tó bá jẹ́ aláwọ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń ní òkúta tirẹ̀. Bí bébà bá yẹ̀ díẹ̀ lórí òkúta kan ṣoṣo, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí atẹ̀wé tó mọṣẹ́ bíi Auguste Clot, ẹni tó bá Denis tẹ 'Amour', fi ṣe pàtàkì.

'Ti ọjà ni'

Ara ògiri ìgboro làwọn ará Paris ti kọ́kọ́ mọ àwòrán aláwọ̀ yìí. Jules Chéret ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká nínú pósítà, òfin ọdún 1881 tó fún ìtẹ̀wé lómìnira sì jẹ́ kí pósítà pọ̀ sí i.

Nítorí pé ọtí àti ilé ijó ló ń polówó, àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ní Salon, ìpàtẹ àwòrán ọdọọdún tó lórúkọ, òfin kò gba àwòrán aláwọ̀ láàyè ní ẹ̀ka àwòrán títẹ̀ títí di ọdún 1899. Dúdú àti funfun ni wọ́n kà sí ojúlówó.

Àwọn 'wòlíì'

Denis wà lára ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Nabis, ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí wòlíì. Paul Sérusier, Pierre Bonnard àti Édouard Vuillard náà wà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé iṣẹ́ ayàwòrán kì í ṣe láti da ohun tí ojú rí kọ, bí kò ṣe láti fi àwọ̀ àti ìlà sọ ohun tí ọkàn mọ̀.

Ọmọ ìjọ Kátólíìkì tó fọwọ́ gidi mú ẹ̀sìn ni Denis. Nínú 'Amour', àwọ̀ rẹ̀ rọ̀, ó ṣì dà bíi kùrukùru àárọ̀. Obìnrin tó tẹrí ba nínú rẹ̀ lè máa ronú olólùfẹ́, ó sì lè máa gbàdúrà. Lójú Denis, ìfẹ́ tọkọtaya kò dí ọ̀nà Ọlọ́run. Ọ̀nà kan ni òun náà.

Inú ilé ni Vuillard ní tirẹ̀ dúró sí. Ìyá rẹ̀ tó ń rán aṣọ ló ń bá gbé títí ìyá náà fi kú ní ọdún 1928. Nínú àwòrán méjìlá tó gbé jáde lọ́dọ̀ Vollard ní ọdún 1899 kan náà, bébà olódòdó ara ògiri àti iná àtùpà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èèyàn mì. Kò sí áńgẹ́lì kankan, síbẹ̀ yàrá náà pa rọ́rọ́ bí ilé àdúrà.

Àṣírí ta ni?

Ní ọdún 1896, Henri de Toulouse-Lautrec ti gbé 'Elles' jáde, nípa àwọn obìnrin ilé aṣẹ́wó. Ẹni tó bá ń retí ìwà pálapàla níbẹ̀ máa já kulẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni obìnrin tó ń wẹ̀, tó ń ya irun, tó rẹ̀ tó sì sùn. Ó bu iyì fún wọn bí Denis ṣe bu iyì fún Marthe.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kù síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló yàwòrán, ọkùnrin ló gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ obìnrin inú 'Elles' kò lórúkọ lára àwòrán. Marthe lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ là ń kà nínú àkọlé, kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn àkójọ náà kò yá lọ́jà nígbà yẹn. Marthe kú ní ọdún 1919, ọkọ̀ sì gbá Denis pa ní Paris ní ọdún 1943. Ilé tó gbé ní Saint-Germain-en-Laye ti di mùsíọ̀mù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ohun tó jẹ́ ti èèyàn méjì nígbà kan ti di ohun tí gbogbo ayé ń wò.