Omi Tó Mọ́ Lójú: Ìtàn Kànga Pupa àti Kànga Aláwọ̀ Ewé ní Bangladesh

Omi kò lọ́tàá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu Yorùbá, kò sì sí ẹni tí í jiyàn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí omi fúnra rẹ̀ bá di ọ̀tá ẹni tí ń mu ún. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, ọjọ́ náà dé, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti dé. Kànga tí wọ́n gbẹ́ láti gba ẹ̀mí ọmọdé là ni ó ń pa àgbà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, ìdọ̀tí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ń sá fún. Kò sí ẹni tí ó rò pé májèlé mìíràn lè wà nínú omi tó mọ́ gaara bẹ́ẹ̀.

Bangladesh gba òmìnira ní 1971 lẹ́yìn ogun kíkorò. Orílẹ̀-èdè olómi ni. Níbẹ̀ ni odò Ganges, Brahmaputra àti Meghna ti pàdé kí wọ́n tó wọ inú òkun. Adágún omi wà lẹ́bàá ilé púpọ̀ ní àwọn abúlé. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ, ibẹ̀ ni màlúù ti ń mu, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń pọn omi mímu. Àrùn onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru ń kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ. Èyí ni ó mú kí ìjọba àti àjọ UNICEF bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ará abúlé láàárín ọdún 1970 sí 1979 pé kí wọ́n fi omi adágún sílẹ̀, kí wọ́n máa mu omi abẹ́ ilẹ̀.

Kànga dẹ̀rọ tí wọ́n mú wá kò nira. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 5 ni wọ́n ń rì wọ ilẹ̀, wọn a sì gbé ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé e lórí. Yanrìn àti ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, kò sí àpáta tí yóò dí wọn lọ́wọ́, owó rẹ̀ kò sì ga. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé omi rẹ̀ mọ́, tí ó sì tutù, wọn kò dúró de ìjọba mọ́. Olúkúlùkù baálé ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, títí tí mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo kànga dẹ̀rọ orílẹ̀-èdè náà fi di ti aládàáni. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí ìjọba kò gbẹ́, kì í sábà sí nínú ìwé rẹ̀, ohun tí kò sì sí nínú ìwé, ta ni yóò rán ẹni lọ yẹ̀ ẹ́ wò?

Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà ń ṣe fún omi nígbà náà kò kan arsenic rárá. Májèlé yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní adùn tàbí ìkorò. Sísè pàápàá kò ràn án. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni májèlé tó kù nínú rẹ̀ ń ki sí i. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ni ó dà á sílẹ̀. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn odò ńlá náà ti ń wọ́ erùpẹ̀ láti orí òkè Himalaya wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, arsenic sì lẹ̀ mọ́ ìpẹtà irin tó wà lára yanrìn náà. Níbi tí atẹ́gùn kò dé lábẹ́ ilẹ̀, tí ewé àti igi jíjẹrà wà nínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa tú ìpẹtà náà, arsenic a sì yọ́ sínú omi. Ìpele ilẹ̀ tí kò jìn púpọ̀ ni ó pọ̀ sí jù, ibẹ̀ gan-an sì ni páìpù olówó pọ́ọ́kú mọ. Omi tí ó wà ní ìsàlẹ̀ mítà 150 sábà máa ń dára, ṣùgbọ́n agbára tálákà kò dé ibẹ̀.

Ìlú Kolkata ní ilẹ̀ Íńdíà ni àṣírí ti kọ́kọ́ tú. Ní 1983, K. C. Saha, dókítà onímọ̀ nípa àrùn awọ ara, rí àwọn aláìsàn tí àmì bí ẹ̀kán òjò wà káàkiri àyà wọn, tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn le, tí ó sì yọ kókó. Ó tọpa àìsàn náà títí ó fi dé ìdí kànga. Láti ìpínlẹ̀ West Bengal ni àwọn aláìsàn ìṣáájú ti wá, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1987, àwọn mìíràn ti ń wá láti Bangladesh tó wà lódìkejì ààlà. Omi kò mọ ààlà. Àwọn ọ̀gá ìjọba ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọdún 1993 ni wọ́n tó rí arsenic nínú kànga Bangladesh fúnra rẹ̀, ó sì di 1998, nígbà tí ìpàdé àgbáyé kan wáyé ní Dhaka, kí ariwo tó ta dáadáa. Ní ọdún 2000, Allan Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) pé nínú mílíọ̀nù 125 ènìyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè náà, láti mílíọ̀nù 35 dé mílíọ̀nù 77 ni ewu náà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí. Wọ́n ní kò tíì sí irú májèlé tó kárí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn, pé ó ju ti Bhopal ní 1984 àti Chernobyl ní 1986 lọ. Àmì ara ni ó ń kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àrùn jẹjẹrẹ awọ, àpò ìtọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró a sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ṣáájú ariwo náà tí kò yẹ kí ó bọ́ sílẹ̀. Ní 1992, àjọ British Geological Survey yẹ omi kànga wò ní apá kan orílẹ̀-èdè náà. Oríṣiríṣi èròjà ni wọ́n wá nínú omi ọ̀hún, ṣùgbọ́n arsenic kò sí lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ará abúlé tí omi kànga ti sọ di aláìsàn pe àjọ tí ó ni wọ́n lẹ́jọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn adájọ́ House of Lords, tí í ṣe ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì dá a nù ní 2006. Ìdájọ́ wọn ni pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà kò ní àṣẹ kankan lórí omi tí ọkùnrin náà ń mu, nítorí náà wọn kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ìtọ́jú. Ó lè jẹ́ pé bí òfin ṣe wí nìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ pé oyìnbó ti wá yẹ omi wò, tí kò sì rí nǹkan kan sọ nípa májèlé, kí ni yóò gbà gbọ́ bí kò ṣe pé kò séwu?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín 2000 sí 2003, pẹ̀lú owó tí Báǹkì Àgbáyé yá ìjọba, wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ láti abúlé dé abúlé. Irinṣẹ́ wọn kò ju àpò kékeré lọ: wọn a bu omi sínú ìgò, wọn a da oògùn sí i, wọn a sì wo ìwé pélébé tí í yí àwọ̀ padà bí arsenic bá wà níbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kun ẹnu ẹ̀rọ náà ní ọ̀dà. Èyí tí omi rẹ̀ dára di aláwọ̀ ewé, èyí tí kò dára di pupa. Kànga tí wọ́n yẹ̀ wò súnmọ́ mílíọ̀nù 5. Èyí tó gba ọ̀dà pupa lé ní mílíọ̀nù 1.4.

Máíkírógírámù 50 nínú lítà omi kan ni òṣùwọ̀n tí Bangladesh lò, àmọ́ láti 1993 ni WHO ti sọ ọ́ di 10. Nàìjíríà náà kọ 10 yìí sínú ìlànà omi mímu rẹ̀ ní 2007. Ilẹ̀ ibí yàtọ̀ sí tọ̀hún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú ni yóò sọ bóyá ẹnikẹ́ni ti gbé omi rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò rí.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù nínú àyẹ̀wò náà ni bí kànga ṣe yàtọ̀ sí kànga. Ní agbègbè Araihazar, níbi tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Columbia ti yẹ nǹkan bí 6,000 kànga wò, kànga pupa lè wà ní ojúlé kan kí ti aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ń mu omi burúkú ni kò ju 100 mítà lọ sí omi tó dára. Bí a bá fi ojú ìṣirò wò ó, ìṣòro ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni í pọn omi? Obìnrin ni. Ní ibi tí àṣà kò ti gba ìyàwó ilé láyè láti máa wọ agbo ilé onílé bó ṣe wù ú, ọgọ́rùn-ún mítà jìnnà gan-an. Ẹni tí àmì sì ti yọ lára rẹ̀, àwọn mìíràn rò pé ẹ̀tẹ̀ ni, wọ́n ń sá fún un. Ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ kì í tètè rí ọkọ fẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn yí kànga padà kìkì nítorí pé wọ́n sọ òtítọ́ nípa omi wọn fún wọn.

Ìjọba náà gbẹ́ àwọn kànga jíjìn. Ní 2016, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde pé àwọn olóṣèlú ń darí púpọ̀ nínú wọn sí ilé àwọn alátìlẹ́yìn wọn, àti pé nǹkan bí mílíọ̀nù 20 ènìyàn ṣì ń mu omi tó kọjá òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀dà tí wọ́n kùn láyé ọjọ́sí ti ṣí dànù lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà wá, àwọn baálé ilé kò dẹ́kun gbígbẹ́ kànga tuntun, olúkúlùkù sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, pẹ̀lú owó ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò rí. Kò sí pupa lára wọn, kò sì sí àwọ̀ ewé.