Àwọn Ọkọ̀ Kékeré tí Ń Lọ sí Erékùṣù Kànárì



Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ parí, ìyá kan nínú kíláàsì wa dúró dè mí. Ó mú tẹlifóònù rẹ̀ jáde. Ó ní kí n bá òun ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ òun kọ ránṣẹ́ láti ìlú Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gáàlì. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti mọ ìwé kà. Ẹ kà á fúnra yín." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ní kí ìyá òun ta ilẹ̀ kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé, kí ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Ó ní òun ti rí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé òun dé Ìlú Òyìnbó. Ó ní ọ̀nà ti là.

Ìyá náà wò mí lójú, ó ní, "Olùkọ́, ṣé lóòótọ́ ni ọ̀nà ti là? Ṣebí wọ́n ní ìjọba àwọn òyìnbó ti tì í pa?"

N kò dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni ó mú kí n kọ ìtàn yìí. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀

Orílẹ̀-èdè kan wà ní Ìlú Òyìnbó tí a ń pè ní Ẹ̀sípáńyì. Òkun ni ó ya òun àti ilẹ̀ Màrókò, tí ó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Ibi tí òkun náà ti tóóró jù jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 14. Kò tó ìdajì ọ̀nà láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹni tí ó dúró ní etí òkun ní Màrókò ń rí òkè ilẹ̀ Ẹ̀sípáńyì.

Ní ọdún 1985, ìjọba Ẹ̀sípáńyì ṣe òfin kan lórí àwọn àjèjì. Ní 1986, orílẹ̀-èdè náà wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìlú Òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣòwò pọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹnu ibodè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kékeré kọjá lóru. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà dojú dé lẹ́bàá ìlú Tarifa. Òkun gbé òkú wá sí etí ilẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀sípáńyì fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí.

Ní 1991, ìjọba náà pàṣẹ pé ará Màrókò kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ láìgba físà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní páṣípọ́ọ̀tù lè lọ, kí ó ṣe iṣẹ́ díẹ̀, kí ó sì padà wá bá àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí físà dé, ẹni tí kò rí i gbà wá ọkọ̀ kékeré. Ẹni tí ó sì ti kọjá kò fẹ́ padà sílé mọ́, nítorí kò mọ̀ bóyá òun yóò tún rí ọ̀nà wọlé.

Ọ̀nà kan dí, òmíràn là

Àwọn ọdẹ wa mọ̀ pé òkété kì í gbẹ́ ihò kan ṣoṣo. Bí a bá dí ojú ihò kan, ojú kejì ni yóò gbà jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ yìí.

Àwọn erékùṣù kan wà nínú òkun ńlá, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ wọn ni Kànárì. Wọ́n sún mọ́ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n Ẹ̀sípáńyì ni ó ni wọ́n. Ẹni tí ó bá gúnlẹ̀ síbẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí Ìlú Òyìnbó nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1994, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà fi ọkọ̀ kékeré dé erékùṣù Fuerteventura. Ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 100. Àwọn ni a mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ibẹ̀ wọlé báyìí.

Ní 2002, ìjọba Ẹ̀sípáńyì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣọ́ òkun tóóró tí ó wà níwájú Màrókò. Àwọn ẹ̀rọ náà ń rí ọkọ̀ lókèèrè, àní lóru pàápàá. Kí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe? Wọ́n kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn lọ sí etí òkun Sàhárà, wọ́n dojú kọ Kànárì.

Ní 2005, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbìyànjú láti gun ọgbà wáyà gíga tí ó yí Ceuta àti Melilla ká. Ìlú méjèèjì yìí jẹ́ ti Ẹ̀sípáńyì, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n wà. Ó ju ẹni mẹ́wàá lọ tí ó kú. Lẹ́yìn èyí, Màrókò náà tún mú ìṣọ́ rẹ̀ le sí i.

Ọ̀nà tún yí padà. Àwọn ènìyàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Nouadhibou, ní ilẹ̀ Moritáníà. Láti ibẹ̀ dé Kànárì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 800. Nígbà tí ìṣọ́ dé Moritáníà, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀ dé Sẹ̀nẹ̀gáàlì. Láti ibẹ̀ dé Kànárì tó kìlómítà 1,500. Bí ẹni lọ láti Kútọnu dé Malanville, tí ó tún padà, ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ilẹ̀, orí òkun ni. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: láti kìlómítà 14, ó di 100, ó di 800, ó di 1,500. Ìṣọ́ kò mú kí àwọn ènìyàn dẹ́kun lílọ. Ó mú kí ọ̀nà wọn gùn.

Ọdún 2006

Àwọn apẹja Sẹ̀nẹ̀gáàlì mọ òkun dáadáa. Wọ́n ní ọkọ̀ onígi gígùn tí wọ́n fi ọ̀dà oríṣiríṣi kùn. Láyé àtijọ́, ẹja ni wọ́n fi ń kó. Ṣùgbọ́n ẹja ti ń dínkù. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá láti ilẹ̀ òkèèrè ń kó ẹja ní òkun kan náà. Apẹja tí ó na owó ẹ̀sánsì lọ, tí ó bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo, kí ni yóò ṣe? Àwọn kan ta ọkọ̀ wọn fún àwọn tí ń kó ènìyàn. Àwọn mìíràn di awakọ̀ fún wọn. Ní àwọn àdúgbò apẹja ní Dakar, ọ̀rọ̀ kan gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ pé, àfi kí àwọn dé Barcelona, tàbí kí àwọn dé ọ̀run.

Ní ọdún 2006 yẹn, ènìyàn 31,678 ni ó fi ọkọ̀ kékeré dé Kànárì. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà.

Ìjọba Ẹ̀sípáńyì ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Òyìnbó. Àjọ kan wà tí ń ṣọ́ ẹnu ibodè wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Frontex. Àjọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Hera. Ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú ń ṣọ́ etí òkun Sẹ̀nẹ̀gáàlì àti ti Moritáníà, pẹ̀lú àwọn jàńdáámù orílẹ̀-èdè méjèèjì. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ kan tí kò tíì jìnnà, wọ́n á dá a padà sí etí ilẹ̀. Ẹ̀sípáńyì tún bá àwọn ìjọba wa ṣe àdéhùn. Ó fún wọn ní owó àti ohun èlò. Àwọn náà gbà kí a fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn ọmọ wọn padà wá sílé.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ apá kejì pẹ̀lú. Ìjọba kan náà yìí nílò òṣìṣẹ́. Ní 2005, ó fún ju ìdajì mílíọ̀nù àjèjì lọ ní ìwé àṣẹ, nítorí pé wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn 2006, ó gba àwọn obìnrin kan láti Sẹ̀nẹ̀gáàlì pẹ̀lú ìwé àdéhùn iṣẹ́, kí wọ́n wá ká èso lóko. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlà rẹ̀ náà sì ń yọ àwọn tí ó ń rì nínú òkun. Ọwọ́ kan ń ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ kejì ń ṣí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí náà kéré ju iye ẹni tí ó fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé.

Ohun tí nọ́ńbà sọ

Ẹ wo iye àwọn tí ó dé Kànárì lọ́dọọdún:

2006: 31,678
2007: 12,478
2008: 9,181
2009: 2,246
2010: 196

Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà yìí nìkan yóò sọ pé ìjọba ti borí. Lóòótọ́, ìṣọ́ náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣọ́ nìkan. Ní 2008, ọrọ̀ ajé Ẹ̀sípáńyì wó lulẹ̀. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí ọ̀pọ̀ àjèjì ń ṣe parẹ́. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ sọ fún àwọn ará ilé pé kò sí iṣẹ́ mọ́. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn mú ọ̀nà aṣálẹ̀ pọ̀n, wọ́n gba Líbíà lọ sí Ítálì.

Nígbà tí ó ṣe, ọ̀nà yẹn náà le. Ìṣọ́ tún le ní àríwá Màrókò. Ọ̀nà Kànárì sì tún là. Ní 2020, ènìyàn 23,023 ni ó débẹ̀. Ní 2023, wọ́n jẹ́ 39,910. Ní 2024, wọ́n di 46,843. Iye yìí ju ti 2006 lọ fíìfíì.

Ní 2024 kan náà, àwọn ìjọba Ìlú Òyìnbó ṣe ìlérí mílíọ̀nù 210 owó yúrò fún Moritáníà. Ìṣọ́ le níbẹ̀. Ní 2025, iye àwọn tí ó dé Kànárì dínkù púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láti Gìnì, tí ó jìnnà ju Sẹ̀nẹ̀gáàlì lọ. Àwọn mìíràn ń ti Àlùjẹ́ríà lọ sí àwọn erékùṣù Ẹ̀sípáńyì tí ó wà ní apá kejì. Òkété tún ti gba ojú ihò mìíràn.

Àwọn tí kò gúnlẹ̀

Nọ́ńbà tí a kà yìí jẹ́ ti àwọn tí ó dé. Àwọn tí kò dé ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó lè ka gbogbo wọn. Ọkọ̀ tí ó rì láìsí ẹlẹ́rìí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Nítorí ìṣọ́ etí òkun, àwọn awakọ̀ ń wọ inú òkun jíjìn lọ, kí wọ́n má bàa rí wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gúnlẹ̀ sí El Hierro, erékùṣù kékeré tí ó wà ní ìparí gbogbo Kànárì. Ẹni tí ó bá ṣi El Hierro, kò sí ilẹ̀ kankan níwájú rẹ̀ mọ́ àfi Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, wọ́n rí ọkọ̀ kan ní òkun Barbados, ní apá Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Òkú ènìyàn 11 ni ó wà nínú rẹ̀. Kànárì ni wọ́n ń lọ. Ní 2023, ọkọ̀ kan gbéra ní Fass Boye, ní Sẹ̀nẹ̀gáàlì. Ènìyàn 101 ni ó wọ̀ ọ́. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó rí i nítòsí Cap-Vert. Ẹni 38 péré ni ó yè.

Ìdáhùn mi fún ìyá náà

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo kọ àwọn nọ́ńbà yìí sí ara pátákó. Ìyá náà kà wọ́n sókè fún gbogbo kíláàsì. Mo wá sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ bi mí bóyá ọ̀nà ti là tàbí ó ti dí. Méjèèjì ni. Láti nǹkan bí ogójì ọdún, ìjọba ń tì í, àwọn ènìyàn ń ṣí i. Ní ìgbà gbogbo tí ó bá tún là, ó máa ń jìnnà ju ti àná lọ. Nítorí náà, kí ẹ má bi ọmọ yín bóyá ọ̀nà là. Ẹ bi í pé, ibo ni ọkọ̀ náà yóò gbà, ọjọ́ mélòó ni yóò lò, ta ni yóò sì wà á."

N kò sọ pé kí ó má ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. N kò sì bú ọmọ náà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìjọba tí ó ń fi owó ra ọkọ̀ ìṣọ́, ì bá dára kí ó bi ara rẹ̀ pẹ̀lú pé kí ni ó gbé apẹja kúrò nídìí àwọ̀n rẹ̀.

Ìyá náà jókòó sídìí tábìlì. Ó kọ èsì fún ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó parí. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni ó kọ. Ó wá fi kún un pé: "Má tíì lọ. Pè mí ná." Òun ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ó kọ láyé rẹ̀. Títí di ọjọ́ tí mo kọ ìwé yìí, kò tíì ta ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ́

1. Kí ni ó mú kí ọ̀nà àwọn ọkọ̀ náà máa gùn sí i?
2. Yàtọ̀ sí ìṣọ́, kí ni ó tún mú kí iye àwọn tí ó ń lọ dínkù láti 2006 dé 2010?
3. Bí ọmọ yín bá kọ irú lẹ́tà yìí sí yín, kí ni ẹ̀yin yóò kọ padà sí i?