Láti Àbíkú dé Mùdùnmúdùn: Ìtàn Ìtọ́jú Fòníkú-fọ̀ladìde



Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ìtàn ìyá tó ń bímọ tí ọmọ ń kú? Àbíkú làwọn baba wa pè é. Wọ́n á sọ ọmọ ní Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́ kí ó lè dúró. Lónìí a mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tó ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1910, Dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló ń bí i. Bí ìpìlẹ̀ bá lábùkù, ẹ̀jẹ̀ á lábùkù.

Ní 1984, ìròyìn jáde láti Memphis, ní Amẹ́ríkà: ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti fòníkú-fọ̀ladìde gba mùdùnmúdùn lára ọmọ ìyá rẹ̀. Nítorí jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe é, àmọ́ àrùn méjèèjì ló lọ.

Ní 2011, ó dé ìtòsí wa. Ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Benin, ní Benin City, Nàìjíríà (kì í ṣe Benin tó bá wa pààlà o), Dókítà Nosa Bazuaye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é fún ọmọkùnrin kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un ní sẹ́ẹ̀lì.

Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe àgùntàn Dolly ní Scotland ní 1996 nìyí? Rárá o. Ẹ̀dà àgùntàn ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Níbí, ọmọ ìyá ló ń fún ọmọ ìyá lára tirẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Oògùn líle ni wọ́n fi ń pa mùdùnmúdùn àtijọ́ kí wọ́n tó fa tuntun sára. Ó léwu, ó sì wọ́n. Ìdá 1 nínú 4 péré ni ìrètí pé ti ọmọ ìyá kan yóò bá aláìsàn mu.

Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní électrophorèse ló sún mọ́ wa jù. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ní àríwá Tógò, C náà pọ̀: AS àti AC lè bí SC, àìsàn nìyẹn pẹ̀lú. Kí ẹ tó gbé ẹrù ìyàwó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ tó ti ní in ńkọ́? Ẹ má pè é ní àbíkú mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ó ń gbọ́ ohun tí à ń sọ.