ÌTÀN ẸGBẸ́ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ TÍ Ó FÌDÍ RẸMI NÍ ÌGBÀ 80

Àwọn àgbà ní ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìtàn tí mo gbé wá lọ́dún yìí jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó ṣubú lójú ayé, tí ó sì pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó dìde. Prairie View A&M ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà.

Ọdún 1876 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọdún 11 lẹ́yìn tí wọ́n kéde òmìnira àwọn ẹrú ní Texas. Oko tí àwọn ẹrú ti ṣiṣẹ́ rí ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí a mọ̀ níhìn-ín. Ti Amẹ́ríkà gùn, ó ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, akoto ni wọ́n ń dé. Ẹni tí ó bá gbé e dé òpin pápá gba àmì 6 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà kí iye àmì tí ẹ óò rí má yà yín lẹ́nu.

Ìgbà ògo wọn

Lábẹ́ olùkọ́ni Billy Nicks, wọ́n gba ipò kìíní láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ní 1953, 1954, 1958, 1963 àti 1964. Ọ̀dọ̀ wọn ni Ken Houston àti Otis Taylor ti jáde, àwọn tí òkìkí wọn kàn nínú bọ́ọ̀lù alówó.

Ohun tí ó gbé wọn ṣubú

Ohun méjì ni. Èkíní, lẹ́yìn 1966, àwọn yunifásítì ńlá tí ó jẹ́ ti òyìnbó nìkan tẹ́lẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ dúdú. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀. Èkejì ni owó. Ìṣàkóso owó ẹ̀ka eré ìdárayá dàrú débi pé ní 1990, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Julius Becton, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, dá bọ́ọ̀lù dúró fún odidi ọdún kan. Nígbà tí wọ́n padà ní 1991, kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún agbábọ́ọ̀lù kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n ń bá díje ń fi í fa àwọn ọmọ mọ́ra.

Lọ́dún náà, ìdíje 11 ni wọ́n lọ, 11 náà ni wọ́n pàdánù. Àmì 48 ni wọ́n rí gbà, 617 ni wọ́n gbà lára wọn. Alabama State nìkan fi 92 sí 0 nà wọ́n. Láti 1989 tí wọ́n ti borí kẹ́yìn, wọ́n fìdí rẹmi ní ìgbà 80 láìsinmi. Wọ́n kọjá 44 ti Columbia àti 50 ti Macalester. Ayé ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ náà kọ́ ló jẹ gbèsè. Àwọn àgbà ló jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ló ń san án.

Ìdìde

Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni wọ́n ń wọ aṣọ, tí wọ́n ń jáde sí pápá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1998, wọ́n fi 14 sí 12 borí Langston ní Oklahoma City. Ní 2009, lábẹ́ Henry Frazier, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ìdíje SWAC, èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn ní 1964. Ọdún 45 gbáko!

Ẹ̀kọ́ fún wa

Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, a sì ní kíláàsì tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń rẹ̀yìn, ẹ má jẹ́ kí a kọ́kọ́ bú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìwé owó wò, kí a bi ara wa bóyá a san ohun tó yẹ kí a san. Ẹ má sì jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn nítorí pé ọmọ mẹ́ta péré ló wá. Ẹni tí ó bá ṣì ń jáde sí pápá, ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní dàrú o. Àṣẹ.